Omi ewé lórí oko ẹ̀wà: ìdáhùn sí àwọn lẹ́tà yín lórí fífi ewéko bá èpò jà

Lẹ́tà lórí èpò pọ̀ lóṣù yìí ju ti ìgbàkígbà lọ. Ìdí rẹ̀ kò pamọ́: oògùn apakoríko ti di ọ̀wọ́n gógó, ẹni tí yóò sì bá ni ro àgbàro kò rọrùn láti rí mọ́. Ẹ̀wà, sóyà àti ẹ̀pà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń béèrè lé lórí. A ti kó àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀ sójú kan.

Láti Ìsẹ́yìn: *Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní tí mo bá rẹ pòròpórò ọkà bàbà sómi, tí mo fín in sí oko ẹ̀wà, èpò ò ní hù mọ́. Éékà kan ni oko mi. Ṣé òótọ́ ni, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é?*

Òótọ́ wà níbẹ̀, àbùmọ́ náà sì wà níbẹ̀. Irun tín-ín-rín ara gbòǹgbò ọkà bàbà máa ń sun oje olóròóró kan tí wọ́n ń pè ní sorgoleone, oje yìí ni kì í jẹ́ kí ọmọ èpò lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ ara rẹ̀. Àmọ́ sorgoleone kì í yòrò sómi, nítorí náà kì í ṣe òun lẹ máa rí nínú dúrọ́ọ̀mù yín. Àwọn èròjà mìíràn tó wà nínú igi àti ewé tó ti gbó ló ń jáde sómi, agbára tiwọn kò sì tó ti oje gbòǹgbò. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Faisalabad, ní orílẹ̀-èdè Pakistan, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán omi yìí wò. Sorgaab ni wọ́n ń pè é. Omi ni "aab" ní èdè wọn. Wọ́n fín in sórí ẹ̀wà mung, tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ẹ̀wà tiwa, èpò sì dín kù. Kò dín kù tó ti oko tí wọ́n fi ọkọ́ ro.

Fún éékà kan, ẹ wá pòròpórò àti ewé ọkà bàbà gbígbẹ kílò 12, èyí tí wọ́n ti gé ọkà orí rẹ̀ kúrò. Ẹ má lo ọ̀dọ́ ọkà bàbà tútù tàbí èyí tó tún rú lẹ́yìn ìkórè. Májèlé wà nínú ìyẹn tó lè pa ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́ jù, ẹ ò sì fẹ́ irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ káàkiri àgbàlá. Ẹ fi àdá gé e wẹ́wẹ́, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Bó bá gùn jù, omi ò ní wọ inú rẹ̀ dáadáa. Ẹ dà á sínú dúrọ́ọ̀mù oníke, ẹ bu omi tó mọ́ lítà 120 lé e, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má bàa léfòó, kí ẹ sì dé e sábẹ́ òjìji fún wákàtí 24. Ní ọjọ́ kejì, àwọ̀ rẹ̀ yóò ti rí bí omi àgbo tí wọ́n ti sè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ, kí ẹ tún fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá fo ti aṣọ yẹn yóò máa dúró tú ẹnu ìfín táńkì rẹ̀ ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ẹ po ọṣẹ díẹ̀, tó ìwọ̀n ṣíbí ìmutíì kan, sínú táńkì lítà 15 kọ̀ọ̀kan kí omi lè lẹ̀. Táńkì mẹ́jọ ló máa bo éékà náà.

Ẹ lè gbọ́ pé ní Pakistan, wọ́n máa ń sè é títí lítà 20 yóò fi ṣẹ́ ku lítà 1. Torí kó lè rọrùn láti gbé àti láti tọ́jú ni. Tó bá di ọjọ́ ìfín, wọ́n á tún bu omi là á. Ẹni tó rẹ ẹ́ lónìí tó fẹ́ fín in lọ́la, kí ló fẹ́ fi ìdì igi ìdáná ṣe? Yóò sè é kúrò ní lítà 120 sí lítà 6, yóò sì tún padà bu omi lítà 114 lé e.

Àkókò ṣe pàtàkì ju omi lọ. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní kí ẹ tó gbin ẹ̀wà, torí èpò tó bá ti yọ ewé mẹ́rin jáde ti kọjá agbára omi yìí. Ẹ gbin ẹ̀wà sí ìjìnlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4, ẹ má gbìn ín sókè jù. Ní ọjọ́ kejì ìgbìn, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rin díẹ̀ tí ẹ̀wà kò tíì yọrí, ẹ fín ìpín àkọ́kọ́. Ìwọ̀nba òkè ilẹ̀ ni omi náà máa wà, ibẹ̀ sì ni irúgbìn èpò wẹ́wẹ́ ti ń là. Ẹ̀wà wà nísàlẹ̀, hóró rẹ̀ tóbi, oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀ tó lè gbé e la ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá. Ẹ ṣe omi tuntun fún ìgbà kejì, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ fín in sáàárín ebè nìkan. Ẹ rẹ ẹnu ìfín sílẹ̀ kó má kan ewé ẹ̀wà.

Bí òjò ńlá bá rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ fín in, ó ti lọ nìyẹn. Bí òjò ò bá tilẹ̀ rọ̀, àwọn kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ yóò jẹ èròjà náà tán láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí ni ẹ máa rí jẹ níbẹ̀? Roko ọ̀sẹ̀ kẹta àti ọ̀sẹ̀ kẹfà la mọ̀ fún ẹ̀wà. Bí omi yìí bá ṣiṣẹ́ dáadáa, roko kan ṣoṣo ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún lè tó. Àgbàro ẹ̀ẹ̀kan lẹ fi pamọ́. Ẹ ṣírò iye tí wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ yín, ẹ fi wé wàhálà kílò 12 tí ẹ máa gé wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó mọ̀ bóyá ó tọ́ sí i.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́: *Mo ṣe omi ọkà bàbà yìí lọ́dún tó kọjá, n kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo rẹ ẹ́ kó lè gbó dáadáa, ó ń rùn bí omi ògì kíkan. Èkan àti dáńdá ló pọ̀ jù lóko mi.*

Òórùn omi ògì yẹn ti tú àṣírí ara rẹ̀. Ó ti kan. Lẹ́yìn wákàtí 24, àwọn kòkòrò inú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tí ẹ ń wá. Gbígbó tí ẹ rò pé ó ń gbó, ìparun ló ń parun. Omi tó bá ti ń hó, tí fóòmù sì wà lójú rẹ̀, ẹ dà á sórí ààtàn.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ibi tí pòròpórò yín ti wá. Oṣù kọkànlá sí ìkejìlá la máa ń kórè ọkà bàbà, àárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án sì ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbin ẹ̀wà ìgbẹ̀yìn òjò. Bí pòròpórò bá wà nínú oko láàárín àkókò yẹn, òjò oṣù mẹ́rin-márùn-ún ti rẹ ẹ́ fún yín kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ìyẹn tí ẹ wá kó lọ sílé kò yàtọ̀ sí igi ìdáná. Ẹ dì í ní ìdì-ìdì ní oṣù kìíní, ẹ gbé e sórí pẹpẹ lábẹ́ òrùlé, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Èyí tó bá hu funfun-funfun, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ní ti èkan àti dáńdá, omi ewé kankan ò ní ràn yín lọ́wọ́. Kì í ṣe irúgbìn ni wọ́n fi ń tàn kálẹ̀ lóko yín. Gbòǹgbò àti kókó wọn wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ tó pọ̀, ẹ fín omi sí wọn lórí, wọ́n á tún yọ. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, gbúre àti àwọn koríko wẹ́wẹ́ tó ń hù láti ara irúgbìn ni omi yìí wà fún.

Kí ẹ tó tún ná agbára sí i, ẹ fi àwo dán omi yín wò. Ẹ wá àwo pẹlẹbẹ mẹ́rin, ẹ tẹ́ tíṣù ìlọ́po mẹ́ta sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka hóró ẹ̀wà 20 sínú àwo méjì, kí ẹ ka irúgbìn tẹ̀tẹ̀ 50 sínú méjì yòókù. Ẹ fi omi ọkà bàbà rin tíṣù ẹ̀wà kan àti ti tẹ̀tẹ̀ kan, ẹ fi omi lásán rin ìyókù. Kí tíṣù rin gbindin ni, irúgbìn ò gbọdọ̀ léfòó. Ẹ fi ọ̀rá bo gbogbo wọn, kí ẹ gbé wọn sí ibi tí oòrùn ò dé. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ ṣí wọn.

Ẹ má ka èyí tó hù nìkan, gbòǹgbò gan-an ni kí ẹ wò. Gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ inú omi lásán á funfun, á gùn, irun á wà lára rẹ̀ bí òwú. Bí omi yín bá ní agbára, ti inú rẹ̀ á kúrú, ìdí rẹ̀ á ti pọ́n bí ìpẹtà, irun rẹ̀ á sì ṣọ̀wọ́n. Bí méjèèjì bá jọra, omi yín ò jẹ́ nǹkan kan, ẹ má gbé e dé oko. Bí gbòǹgbò ẹ̀wà náà bá pọ́n tó sì kúrú, ó ti le jù fún irú ẹ̀wà tí ẹ ń gbìn. Ẹ fi omi là á sí ìdajì, kí ẹ tún un dán wò. Tíṣù àti ọjọ́ mẹ́rin péré ni àyẹ̀wò yìí ná yín.

Láti Ọ̀wọ̀: *Jogbo yí oko sóyà àti ẹ̀pà mi ká, ewé Akíntọ́lá náà kò sì jìnnà. Ṣé mo lè gé wọn tẹ́ sáàárín ebè kí èpò má hù?*

Ẹ gé jogbo, ẹ fi Akíntọ́lá (tàbí Awólọ́wọ̀, ó kù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí bàbá yín bá wà) sílẹ̀. Èpò kì í fẹ́ hù lábẹ́ òun náà lóòótọ́, àmọ́ èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, pàápàá nínú òdòdó rẹ̀, irúgbìn rẹ̀ tó dà bí irun sì máa ń bá atẹ́gùn lọ gbogbo ibi. Ẹ ò lè gbé e wọ oko kí ẹ máà gbé wàhálà wọ̀ ọ́.

Jogbo ní èrè méjì. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, àwọn olùwádìí fi omi ewé rẹ̀ rin irúgbìn ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ń dí híhù àti ìdàgbà rẹ̀ lọ́wọ́. Ewé yìí kan náà jẹ́ ajílẹ̀: nínú kílò 100 ewé rẹ̀ tó gbẹ, naitrojin tó nǹkan bíi kílò 3.5, potáṣíọ̀mù sì tó kílò 4. Ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà, torí ohun tó ń dá tẹ̀tẹ̀ dúró kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni sóyà. Ewé tútù tí ẹ bá gbé sórí irúgbìn tó ń là lọ́wọ́ á pa á lára.

Ẹ gé e kó tó tanná. Ẹ ṣẹ́ ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀, ẹ má kó igi rẹ̀ wọ oko, torí igi jogbo tó bá kan ilẹ̀ tútù máa ń ta gbòǹgbò. Ẹ sá ewé náà fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó rọ. Nígbà tí sóyà bá ti hù tó ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ sì ti ro ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ebè, kó nípọn tó ìbú ìka mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ìdí sóyà ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta.

Ti ẹ̀pà yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀pà máa ń tanná ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ìgbìn, abẹ́rẹ́ rẹ̀, èyí tó ń di ọmọ ẹ̀pà nísàlẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó bá nípọn lórí ilẹ̀ nígbà yẹn yóò gbé abẹ́rẹ́ náà dúró lókè, ẹ ó rí ewé rẹpẹtẹ láìsí ọmọ nísàlẹ̀. Jogbo tètè ń jẹrà, nítorí náà ẹ lè tẹ́ èyí tó fẹ́lẹ́, tó ìbú ìka méjì, ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ má lo pòròpórò ọkà bàbà nínú ẹ̀pà rárá.

Pòròpórò yẹn dára nínú sóyà: kílò 6 fún ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 2, tó sì gùn ní mítà 5. Orí ilẹ̀ ni kó wà. Bí ẹ bá rì í mọ́lẹ̀, yóò gba naitrojin inú ilẹ̀ fún jíjẹrà ara rẹ̀, sóyà kékeré á sì pọ́n. Ẹni tó bá ti rì í mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbin nǹkan kan.

Ní nǹkan bí ọjọ́ 40, ẹ wú igi sóyà márùn-ún pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí wọn, ẹ rọra fọ̀ ọ́. Ẹ fi èékánná la kókó ara gbòǹgbò. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹran tútù, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá funfun tàbí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, tàbí tí kókó ò tilẹ̀ sí, ohun tí ẹ tẹ́ ti lè máa dí àwọn kòkòrò tó ń kó naitrojin fún un lọ́wọ́. Ẹ kó díẹ̀ kúrò.

Láti Kétu, ní Benin: *Èkan ti gba ilẹ̀ tí mo fẹ́ gbin ẹ̀wà sí. Mo gbọ́ pé Mucuna ń pa á. Ṣé wèrèpè inú igbó náà ni?*

Ọmọ ìyá ni wọ́n: ohun ọ̀gbìn tó ń fà, tó sì ń bo ilẹ̀ ni Mucuna, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ máa gbìn kò ní irun tó ń yún ni. Ẹ má lọ ká wèrèpè igbó wálé o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Benin gan-an lẹ lè kọ́ wa ní ti èyí, torí apá gúúsù orílẹ̀-èdè yín ni àwọn àgbẹ̀ ti kọ́kọ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ láti òpin àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń ṣẹ́gun èkan.

Ẹ fi àdá ṣán èkan mọ́lẹ̀ pátápátá nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbin Mucuna hóró méjì sí ihò kan, sẹ̀ǹtímítà 80 láàárín ìlà, 40 láàárín ihò. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, èkan á tún gbérí. Ẹ padà wọlé lọ ṣán an, láìgé Mucuna. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù nìyí: wọ́n á gbìn ín tán, wọ́n á lọ jókòó sílé, èkan á sì yọrí borí rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ṣíṣán kejì yẹn, Mucuna á bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ní bí oṣù méjì ààbọ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ó máa kú fúnra rẹ̀, ewé rẹ̀ á sì tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Inú ẹní yẹn lẹ máa gbin ẹ̀wà sí lọ́dún tó ń bọ̀, láìyí ilẹ̀ padà.

Fujii, onímọ̀ ará Japan, ló fi hàn pé èròjà L-DOPA inú Mucuna ń dí gbòǹgbò èpò lọ́wọ́. Lójú tiwa ṣá, òjìji ló ń pa èkan. L-DOPA kì í pẹ́ nínú ilẹ̀ kó tó yí padà. Èpò onírúgbìn wẹ́wẹ́ ló lè rí ìyà rẹ̀. Ẹ má sè é jẹ bí ẹ̀wà, L-DOPA yẹn pọ̀ nínú hóró rẹ̀, èébì àti òòyì ló máa ń fà. Ẹ má sì gbìn ín mọ́ ẹ̀wà lákòókò kan náà, yóò gun un pa. Ẹ lànà iná yí oko náà ká kó tó di oṣù kejìlá, torí ẹní gbígbẹ yẹn, iná ìgbẹ́ kan ṣoṣo tó fún un.

Láti Òṣogbo: *Omi dóńgóyárò tí mo fi ń lé kòkòrò lára ẹ̀wà, ṣé ó máa pa èpò náà?*

Rárá. Kòkòrò ni èròjà inú rẹ̀ ń bá jà: kì í jẹ́ kí wọ́n jẹun, kì í jẹ́ kí wọ́n bọ́ awọ. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe iṣẹ́ tó mọ̀.

Láti Ṣakí: *Èpò olódòdó àlùkò tí wọ́n ń pè ní Striga ti ba àgbàdo mi jẹ́. Aládùúgbò mi ní kí n gbin sóyà síbẹ̀. Kí ni sóyà fẹ́ ṣe fún èpò?*

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín jinlẹ̀. Irúgbìn Striga kéré ju èérún tábà lọ, ó sì lè sùn nínú ilẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Kì í là, àfi bó bá gbọ́ ìpè kẹ́míkà kan láti ara gbòǹgbò tó sún mọ́ ọn. Ara gbòǹgbò òwú ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ irú kẹ́míkà yìí jáde ní 1966, strigol ni wọ́n pè é. Kì í ṣe Striga ni gbòǹgbò ń pè. Olú tíntìntín inú ilẹ̀ tó ń bá a fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló ń ké sí. Ọ̀rẹ́ ló pè, olè ló gbọ́.

Gbòǹgbò sóyà náà ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Striga àgbàdo kò lè fà á mu. Yóò là, yóò wá gbòǹgbò tó lè lẹ̀ mọ́, kò ní rí, láàárín ọjọ́ mélòó kan yóò kú. Ẹ gbin sóyà tó pọ̀ kí ìpè náà lè dé gbogbo ilẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín ìlà, 5 láàárín hóró. Irú sóyà bíi TGx 1448-2E láti IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ni wọ́n ti lò fún iṣẹ́ yìí. Ó kéré tán, ẹ ṣe é fún ìgbà méjì tẹ̀léra kí ẹ tó dá àgbàdo padà, kí ẹ sì máa fa Striga tó bá yọ kó tó tanná. Ẹ̀wà náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ti àgbàdo, ṣùgbọ́n òun náà ní Striga tirẹ̀, èyí tó kúrú tó sì ń yọ ẹ̀ka láti ìdí. Níbi tí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ má gbin ẹ̀wà.

Láti Abẹ́òkúta: *Ẹni tó ń ta oògùn ní apakoríko mesotrione ti ara òdòdó wá, pé kò lè pa ẹ̀wà mi lára. Ṣé kí n rà á?*

Apá kìíní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtàn. Ní California ní 1977, wọ́n ṣàkíyèsí pé èpò kì í fẹ́ hù lábẹ́ igi Callistemon, igi olódòdó pupa tó rí bí búrọ́ọ̀ṣì ìfọgò. Wọ́n rí èròjà kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ leptospermone, àwòṣe rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe mesotrione ní ilé iṣẹ́. Oògùn oko àgbàdo ni. Bí ẹ bá fín in sí ẹ̀wà tàbí sóyà, ewé wọn á funfun bí ìwé, wọ́n á sì kú. Ẹ má rà á fún oko ẹ̀wà. Bí ẹ bá yá táńkì lọ́wọ́ ẹni tó fi fín àgbàdo, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tú ẹnu ìfín àti asẹ́ inú rẹ̀ fọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ tó da omi ọkà bàbà yín sínú rẹ̀.